Àṣẹ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi máa build: bẹ́ ẹ ṣe lè jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ náà fúnra ẹ̀, kí láíbúrárì má sì dà yín láàmú

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa níbi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe rí. Java la fi ń kọ̀wé kóòdù wa, Maven la fi ń build ẹ̀ (irinṣẹ́ tó ń kó láíbúrárì wálẹ̀, tó sì ń sọ kóòdù di app ni), gbogbo nǹkan ń lọ geerege, àfi ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wa gba láptọ́ọ̀pù tuntun, ló bá clone kóòdù, ìyẹn ni pé ó kó gbogbo ẹ̀ wá sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó tẹ `mvn package`, Maven ní òun ò rí láíbúrárì kan, ìyẹn kóòdù tẹ́nì kan ti kọ sílẹ̀ tí app wa ń lò. A wá a títí lórí Maven Central, ibi tí wọ́n ń kó láíbúrárì Java sí, kò sí níbẹ̀. A bi ara wa léèrè, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá. Ó gbà wá ní ọjọ́ kan àtààbọ̀ ká tó mọ̀ pé ẹnì kan tó ti kúrò níbi iṣẹ́ yẹn ló kọ ọ́ fúnra ẹ̀, tó tẹ `mvn install` lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, láíbúrárì yẹn bá lọ jókòó sínú fódà `.m2`, ẹni tó bá sì ti dé lẹ́yìn ẹ̀, ńṣe ló máa ń ṣe kọ́pì fódà yẹn látọ̀dọ̀ ẹni tó bá nílẹ̀. Build tá a ti fọkàn tán láti ọdún méjì, àṣé orí fódà kan tẹ́nì kankan ò mọ̀ nípa ẹ̀ ló dúró lé.

Látìgbà yẹn, ìbéèrè kan ni mo fi ń díwọ̀n build èyíkéyìí: tí kọ̀ǹpútà tí ò mọ̀ yín rí bá clone kóòdù yín, ṣé àṣẹ kan ṣoṣo máa gbé e dé òpin? Tí kò bá gbé e dé, ẹ ò tíì ní build o, láptọ́ọ̀pù tó ń ṣiṣẹ́ lẹ ní. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló ń lọ.

Ẹ kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ sílẹ̀

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan, ẹ mú bébà, ẹ clone kóòdù yín sínú fódà tuntun, kẹ́ ẹ wá máa kọ gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá tẹ̀ títí app fi máa dìde, gbogbo ẹ̀ pátá o, títí kan “áà, mo gbàgbé, fáìlì .env wà nínú fódà àtijọ́, ẹ jẹ́ n lọ mú un wá”. Àwọn “áà, mo gbàgbé” yẹn gan-an niṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Orí ẹnì kan ni wọ́n ń gbé, inú kóòdù ló sì yẹ kí wọ́n máa gbé.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó wọn sínú Makefile, ìyẹn fáìlì tí irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ make máa ń kà. Mo mọ̀ pé irinṣẹ́ tuntun pọ̀ nílẹ̀, àmọ́ make ti wà láti 1976, Stuart Feldman ló kọ ọ́ ní Bell Labs, èdè tẹ́ ẹ bá sì fi ń kọ kóòdù, kò ní kọ̀ ọ́. Ohun tó ń ṣe ò le rárá: ẹ máa sọ fún un pé nǹkan báyìí, inú nǹkan báyìí ló ti ń jáde, á wá wo ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kan méjèèjì kẹ́yìn, tí ìyá bá tuntun ju ọmọ lọ, á tún ọmọ ṣe, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí build ẹlẹ́ẹ̀kejì fi máa ń yára. Ẹ wo èyí tí mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ JavaScript (npm ni irinṣẹ́ tó ń kó láíbúrárì JavaScript wálẹ̀, inú fódà `node_modules` ló ń kó wọn sí):

```
.PHONY: gbogbo test nu

gbogbo: node_modules
	npm run build

node_modules: package.json package-lock.json
	npm ci
	touch node_modules

test: node_modules
	npm test

nu:
	rm -rf node_modules dist
```

Ẹ tẹ `make` nìkan, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó bá rí, ìyẹn `gbogbo`, ló máa ṣe. Á ní kóun tó ṣe é, òun gbọ́dọ̀ ní `node_modules`, á wò ó bóyá ẹnì kan ti yí `package-lock.json` padà látìgbà tí fódà yẹn ti wà, tó bá rí i pé wọ́n ti yí i padà, á tún gbogbo láíbúrárì kó wálẹ̀. Ẹ ò ní rán ẹnikẹ́ni létí mọ́ pé “o ti pull àbí, ṣé o ti tún npm ṣe?”

Ohun méjì ló máa ń dá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dúró níbi Makefile. Èkíní, ààyè tó wà níwájú àṣẹ kọ̀ọ̀kan, tab ni o, kì í ṣe spéésì, tí editor yín bá sọ ọ́ di spéésì, make máa pariwo “missing separator” kò sì ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì ni ìlà `.PHONY` tó wà lókè yẹn, òun ló ń sọ fún make pé orúkọ iṣẹ́ làwọn yẹn, wọn kì í ṣe fáìlì. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò, tí fódà kan tó ń jẹ́ `test` wá wà nínú iṣẹ́ yín (ó sì sábà máa ń wà), make máa rò pé fódà yẹn ni ohun tẹ́ ẹ ní kóun ṣe, á rí i pé ó ti wà nílẹ̀, ó sì tuntun, á ní iṣẹ́ ti parí. Test ò ṣiṣẹ́, kò sì sí nǹkan tó pupa lójú yín. Èyí tó burú níbẹ̀ nìyẹn.

Ìwé ọjà àti rìsíìtì

Ẹ fún mi láyè kí n pẹ́ díẹ̀ níbí, torí ibí ni ọ̀pọ̀ wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nínú `package.json`, ẹ máa rí nǹkan bí `"lodash": "^4.17.0"`. Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ní ìtumọ̀: tí èyí tó ṣáájú bá yí padà, ẹni tó kọ láíbúrárì ń sọ pé òun ti ba ohun tẹ́ ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́, tó bá jẹ́ ti àárín, òun fi nǹkan tuntun kún un ni, tó bá jẹ́ ti ìkẹyìn, òun kàn tún ibi tó bàjẹ́ ṣe. Àmì `^` túmọ̀ sí pé ẹ gba ohunkóhun tó bá ti tó 4.17.0 sókè, tí kò ṣáà ti dé 5.0.0. Tó bá jẹ́ `~4.17.0` lẹ kọ, kò ní kọjá 4.17, ìyẹn ni pé 4.18.0 ti pọ̀ jù fún un. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, torí `^0.4.2` ò ní dé 0.5.0, wọ́n gbà pé láíbúrárì tí ò tíì pé 1 lè yí padà nígbàkigbà.

Gbogbo ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ìlérí èèyàn ni. Ẹnì kan lè tún ibi tó bàjẹ́ ṣe kó tún ba ibòmíì jẹ́, kó sì gbé e jáde lóru. Ẹ̀yin sùn, kóòdù yín ò yí padà, ẹ jí láàárọ̀, build ò lọ mọ́.

Ìdí tí lock file fi wà nìyẹn. Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀ ni pé `package.json` ni ìwé tẹ́ ẹ kọ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń lọ sọ́jà, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ló wà níbẹ̀, `package-lock.json` ni rìsíìtì, ohun tẹ́ ẹ rà gan-an ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣí i wò:

```
"node_modules/lodash": {
  "version": "4.17.21",
  "resolved": "https://registry.npmjs.org/lodash/-/lodash-4.17.21.tgz",
  "integrity": "sha512-v2kDEe57lecTulaDIuNTPy3Ry4gL..."
}
```

Ìlà àkọ́kọ́ ní vẹ́ṣàn tó wọlé gan-an, ìkejì ní ibi tí wọ́n ti gbé e, ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù, torí ìka ọwọ́ fáìlì náà ni. Tí ẹnikẹ́ni bá yí ohun tó wà nínú `.tgz` yẹn padà, bó tilẹ̀ jẹ́ lẹ́tà kan péré, ìka ọwọ́ ò ní bára mu mọ́, npm máa kọ̀ láti fi sí i. Nítorí náà, ẹ commit lock file yín, ẹ fi í pamọ́ sínú git pẹ̀lú kóòdù yín. Mo ṣì ń rí àwọn tó ń kọ ọ́ sínú `.gitignore`, fáìlì tó ń sọ ohun tí git ò gbọ́dọ̀ fi pamọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ lónìí.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín `npm install` àti `npm ci` wà níbí náà. `install` lè tún lock file kọ, ti ẹni tó jókòó sídìí kóòdù tó fẹ́ fi láíbúrárì kún un nìyẹn. `ci` ní tiẹ̀ máa ń nu `node_modules` dànù, á kó ohun tó wà nínú lock file wálẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, tí lock file àti `package.json` ò bá sì gbọ́ra wọn yé, á dúró síbẹ̀, kò ní bá yín wá ọ̀nà mìíì. Ẹ̀rọ tó ń build, `ci` ni kó máa lò, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Rust ní `Cargo.lock`, ẹ fi `--locked` sí `cargo build`. Tẹ́ ẹ bá ń lo uv ní Python, `uv sync --locked` ni, tó bá sì jẹ́ pip lásán lẹ̀ ń lò, ẹ kọ́kọ́ ṣe venv (fódà ọ̀tọ̀ fún láíbúrárì iṣẹ́ yẹn nìkan), nítorí Ọlọ́run ẹ má fi láíbúrárì sórí Python tí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ń lò, kẹ́ ẹ wá kọ vẹ́ṣàn gbogbo láíbúrárì pẹ̀lú ìka ọwọ́ wọn sínú `requirements.txt`, kẹ́ ẹ sì fi `--require-hashes` sí pip. Maven ò ní lock file tiẹ̀, torí náà ẹ kọ vẹ́ṣàn kọ̀ọ̀kan ní pàtó, ẹ má kọ “láti ibí dé ibí”, ẹ má sì jẹ́ kí SNAPSHOT kankan, ìyẹn vẹ́ṣàn tí wọ́n ṣì ń ṣe lọ́wọ́, wọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbé jáde, torí SNAPSHOT àná àti tòní lè má jọra rárá.

Tí lock file bá ń jà nígbà tẹ́ ẹ̀ ń merge, ìyẹn nígbà tẹ́ ẹ̀ ń pa iṣẹ́ ẹni méjì pọ̀, ẹ má fọwọ́ tún un ṣe ní ìlà-ìlà. Ẹ tún `package.json` ṣe, kẹ́ ẹ tẹ `npm install --package-lock-only`, á yanjú ìyókù fúnra ẹ̀.

Láíbúrárì tí láíbúrárì yín mú wá

Ẹ pe láíbúrárì mẹ́wàá, igba ló tẹ̀ lé wọn wá. Àwọn tẹ́ ẹ ò pè yìí ló máa ń bára wọn jà.

Ẹ wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ ní Maven. App yín ń lo A, A ń lo C vẹ́ṣàn 2. App yín tún ń lo B, B ń lo D, D wá ń lo C vẹ́ṣàn 3. C kan ṣoṣo ló lè wọlé. Èwo ni Maven máa mú? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ní vẹ́ṣàn 3 torí òun ló tuntun. Rárá o, vẹ́ṣàn 2 ló máa mú, torí òun ló sún mọ́ app yín jù, ìṣísẹ̀ méjì péré ni, vẹ́ṣàn 3 wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Tí ìṣísẹ̀ wọn bá dọ́gba, ẹni tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dárúkọ nínú `pom.xml` ló borí. Kóòdù yín máa compile dáadáa, test lè kọjá, ó di ọjọ́ tí D bá pe nǹkan tó jẹ́ pé inú vẹ́ṣàn 3 nìkan ló wà, `NoSuchMethodError` bá jáde níwájú àwọn tó ń lo app. Èèyàn máa wo kóòdù tiẹ̀ títí, kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀, torí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ lóòótọ́.

Àṣẹ tó máa là yín lójú ni `mvn dependency:tree -Dverbose`. Á ya gbogbo igi yẹn síta látorí gbòǹgbò dé ewé, ẹ wá ibi tó bá ti kọ “omitted for conflict with”, ibẹ̀ ni ìjà wà. Lẹ́yìn náà ẹ kọ vẹ́ṣàn tẹ́ ẹ fẹ́ sínú `dependencyManagement`, tiyín ló máa borí. Gradle ní tiẹ̀, èyí tó tuntun jù ló máa ń mú. npm lè gbé méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú nínú fódà tiẹ̀, ẹ tẹ `npm ls` pẹ̀lú orúkọ láíbúrárì kẹ́ ẹ rí iye tó wọlé. Python ò gba méjì, pip látorí 20.3 tó jáde ní 2020 máa kọ̀ ni, á sọ ẹni tó ń bá ẹni jà, ẹ rọra ka ohun tó kọ, ó máa ń gùn, àmọ́ ìdáhùn ń bẹ níbẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wá iṣẹ́ fún ara ẹ̀ ni igi yìí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Log4Shell, àléébù ńlá tó wà nínú láíbúrárì Java tó ń jẹ́ Log4j, bẹ́ sílẹ̀ ní December 2021, ohun tó kọ́kọ́ lé àwọn èèyàn sáré kì í ṣe bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe, wọn ò mọ̀ bóyá `log4j-core` tiẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn rárá, torí kì í ṣe àwọn ló pè é, láíbúrárì mìíì ló mú un wọlé. Ẹni tó mọ bá a ṣe ń ya igi yẹn síta mọ ìdáhùn láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ẹ gbé e lé ẹ̀rọ lọ́wọ́

Tí `make` bá ti ń ṣe gbogbo ẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù yín, apá tó kù ò tó nǹkan. Tó bá jẹ́ orí GitHub lẹ̀ ń kó kóòdù yín sí, ó lè fi ẹ̀rọ tiẹ̀ build ẹ̀ fún yín ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá push, ẹ fi fáìlì yìí sínú `.github/workflows/build.yml`:

```
name: build
on: [push, pull_request]
jobs:
  build:
    runs-on: ubuntu-24.04
    steps:
      - uses: actions/checkout@v4
      - uses: actions/setup-node@v4
        with:
          node-version-file: .nvmrc
          cache: npm
      - run: make
      - run: make test
```

Ẹ wò ó pé mi ò kọ `ubuntu-latest`. Èyí tó jẹ́ “latest” lónìí máa yí padà lọ́jọ́ kan láì sọ fún yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni vẹ́ṣàn Node, ohun tó ń jẹ́ kí JavaScript ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, inú `.nvmrc` ló wà, láptọ́ọ̀pù àti ẹ̀rọ ń ka fáìlì kan náà. Tó bá jẹ́ Java, ẹ lo `mvnw` tàbí `gradlew`, wọ́n ń jẹ́ kí irinṣẹ́ build fúnra ẹ̀ ní vẹ́ṣàn tó dúró sójú kan, ẹni tó bá clone kóòdù ò tiẹ̀ ní láti fi Maven tàbí Gradle sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ sì jẹ́ kí fáìlì YAML tó wà lókè yìí kéré bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àṣẹ gígùn-gígùn sínú ẹ̀, ẹ ti ní build méjì nìyẹn, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ̀rọ, ọjọ́ tí ti ẹ̀rọ bá kú, ẹ ò ní lè tún un ṣe lọ́dọ̀ yín, commit “ẹ jẹ́ ká tún gbìyànjú” mẹ́tàdínlógún ló máa tẹ̀ lé e. Páswọ́ọ̀dù àti token, ibi tí wọ́n ń kó secret sí ni kẹ́ ẹ fi wọ́n sí, kò gbọ́dọ̀ sí ọ̀kankan nínú fáìlì yìí.

Ní ti cache, ìyẹn láíbúrárì tí ẹ̀rọ fi pamọ́ kó má bàa tún kó wọn wálẹ̀, ẹ fi sí i lẹ́yìn tí build bá ti ń lọ dáadáa láìsí i, kẹ́ ẹ sì so ó mọ́ lock file, pé tí lock file bá yí padà, cache àtijọ́ ò wúlò mọ́. `cache: npm` tó wà lókè yẹn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ẹni tẹ́ ẹ gbà wọlé

Gbogbo láíbúrárì tẹ́ ẹ fi sí i, kóòdù ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí ni, orí kọ̀ǹpútà yín ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ní March 2016, ẹnì kan yọ láíbúrárì kékeré kan tó ń jẹ́ left-pad kúrò lórí npm, ìlà kóòdù mọ́kànlá péré ni, build sì dáwọ́ dúró káàkiri ayé torí Babel àti ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ mìíì ń lò ó láìmọ̀. Ìyẹn ò tiẹ̀ ní ìkà nínú. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní 2024 ni kẹ́ ẹ rántí dáadáa: ẹnì kan fi ọ̀nà ẹ̀bùrú sínú xz, irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀, vẹ́ṣàn 5.6.0 àti 5.6.1, apá kan lára ohun tó máa ń ṣí ọ̀nà yẹn ò sì sí nínú git, inú tarball (fáìlì kan ṣoṣo tí wọ́n di kóòdù sí) tí wọ́n gbé jáde nìkan ló wà, láàárín àwọn fáìlì build. Andres Freund ló rí i, torí ó ṣàkíyèsí pé SSH òun, ohun tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà mìíì láti ọ̀nà jíjìn, ń falẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, kò sì jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, build ni ògiri ibí yìí sì ti lanu.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo máa ń fi `--ignore-scripts` sí `npm ci` níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí láíbúrárì má kàn máa sáré ṣe ohun tó wù ú nígbà tó bá ń wọlé, àwọn láíbúrárì kan ò ní ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn yẹn lẹ máa wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Láíbúrárì tí tíìmù yín kọ fúnra wọn, ẹ gbé e sórí registry tiyín, ìyẹn ibi tí ẹ̀ ń kó láíbúrárì yín sí, bíi Nexus, Artifactory tàbí Verdaccio, kẹ́ ẹ sì fi àmì `@` àti orúkọ yín síwájú ẹ̀ lórí npm kí àlejò má lọ fi orúkọ kan náà gbé nǹkan tiẹ̀ jáde fún yín. Kẹ́ ẹ tó fi láíbúrárì tuntun sí i, ẹ wò ó bóyá ẹ ò lè kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lára ẹ̀ ní ogún ìlà. Ó máa ń ṣeé ṣe ju bá a ṣe rò lọ.

Ẹ má wá torí ìbẹ̀rù fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún méjì láì fọwọ́ kàn án o, ìyẹn náà léwu. Bot bíi Dependabot tàbí Renovate lè máa ṣí pull request fún yín, ìyẹn ìyípadà tó ń dúró de ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọlé, ẹ ní kó máa kó àwọn kéékèèké pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí àwọn ńlá máa wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí test yín bá dáa, kíka ìyípadà yẹn ò ní ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Tí kò bá sí test, bot yẹn kàn ń rán ewu sí yín lójoojúmọ́ ni, ẹ kọ test ná.

Ẹ dán an wò báyìí

Ẹ ṣí terminal, kẹ́ ẹ clone kóòdù yín sínú `/tmp`, ẹ má ṣe kọ́pì fáìlì kankan wá láti ibòmíì, ẹ tẹ `make`. Tó bá jẹ́ Maven, ẹ fi fódà tó ṣófo dípò `.m2` yín:

```
./mvnw -Dmaven.repo.local=/tmp/m2-ofo package
```

Ó máa pẹ́ díẹ̀ torí gbogbo láíbúrárì ló máa kó wálẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Níbi iṣẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, lẹ́yìn tá a ti gbé láíbúrárì tó sọnù sórí registry, tá a rò pé ó ti tán, a tẹ àṣẹ yìí. Méjì mìíì tún yọjú. A gbé àwọn náà sórí registry lọ́jọ́ yẹn, a sì fi àṣẹ yìí sínú iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe ní gbogbo òru ọjọ́ Sunday, pẹ̀lú fódà tó ṣófo.